Pádì Tí Kọ̀ǹpútà Kò Dá Mọ̀ Mọ́

Ẹni tó bá ń wá ilé gèèmù ní Ìkirè tàbí ní Àpòmù kò nílò àmì ojú ọ̀nà. Ariwo ni yóò júwe ibẹ̀ fún un. Yàrá kan ni lọ́pọ̀ ìgbà, tẹlifíṣọ̀n méjì tàbí mẹ́ta nínú rẹ̀, bẹ́ńṣì gígùn, àti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń jiyàn lórí gọ́ọ̀lù tó wọlé àti èyí tí kò wọlé. Níbi tí ọwọ́ onílé gèèmù ti mókè díẹ̀, PlayStation ló wà níbẹ̀. Níbi tí kò ti mókè, kọ̀ǹpútà àlòkù tí wọ́n gbé gèèmù bọ́ọ̀lù PES sí ló ń ṣe iṣẹ́ náà, pẹ̀lú pádì oníwáyà tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Ucom. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí ọgbà wọn wà ní Ìkirè náà ń gbá tiwọn lórí làptọ́ọ̀pù nínú yàrá. Kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ọjọ́ náà kì í dé bá: wọ́n á ki wáyà pádì bọ ojú USB, kọ̀ǹpútà á sì dákẹ́ bí ẹni tí kò rí nǹkan kan.

Ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn náà kò yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Wọ́n á yọ wáyà, wọ́n á tún kì í bọ̀ ọ́. Wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i. Wọ́n á gbá pádì mọ́ itan. Wọ́n á pa kọ̀ǹpútà, wọ́n á tún un tàn. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́, ẹnìkan á ní, “Ọ̀gá, pádì yín ti kú o,” wọn á sì jù ú sínú páálí tó wà lábẹ́ tábìlì. Ọ̀gá á wá owó ọkọ̀, ó di Ìbàdàn, ó di Queen Cinema níbi tí wọ́n ti ń tà á, á lọ ra òmíràn.

Èrò tèmi ni pé púpọ̀ nínú pádì tó wà nínú páálí náà kò kú. Ọ̀rọ̀ ló já láàrin òun àti kọ̀ǹpútà, ibi tí ọ̀rọ̀ ti já sì ṣeé wá rí. Ẹni tó bá mọ bí àwọn méjèèjì ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ lè wá ibẹ̀ rí láìná kọ́bọ̀, kó tó pinnu bóyá sódà ló nílò, tàbí wáyà tuntun, tàbí kó kàn tẹ bọ́tìnnì kan lásán.

Ìkíni láàrin àwọn méjèèjì

Ẹ fi ojú àlejò òru wò ó. Àlejò kan ilẹ̀kùn. Onílé bèèrè láti inú ilé pé, “Ta nìyẹn?” Àlejò dárúkọ ara rẹ̀, ó sọ ilé tí wọ́n ti bí i. Onílé rò ó wò bóyá òun mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó tó ṣílẹ̀kùn, kó tó mọ yàrá tí yóò fi í sí. Bí àlejò kò bá lókun láti kan ilẹ̀kùn, onílé kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà níta. Bó bá kàn án, ṣùgbọ́n tó ń kólòlò nígbà tí wọ́n bi í ní orúkọ, ilẹ̀kùn kò ní ṣí. Bí wọ́n bá sì jẹ́ kó wọlé, tí kò gbọ́ èdè àwọn ará ilé, yóò kàn jókòó síbẹ̀ ni. Abẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí ni àìsàn pádì tí kọ̀ǹpútà kò dá mọ̀ máa ń bọ́ sí.

Nínú wáyà pádì tó ń lo USB, wáyà tín-ínrín mẹ́rin ló wà. Pupa ló ń gbé iná fóltì 5 láti inú kọ̀ǹpútà wá fún pádì. Dúdú ni iná náà ń gbà padà. Funfun àti aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Nínú pádì, rẹsísítọ̀ kékeré kan tó jẹ́ óòmù 1,500 so mọ́ ọ̀kan nínú wáyà ọ̀rọ̀ méjèèjì. Bí iná bá ti dé ara pádì báyìí, rẹsísítọ̀ yìí á fa wáyà náà sókè sí nǹkan bíi fóltì 3.3, kọ̀ǹpútà á sì rí i pé ẹnìkan dé. Wáyà tó gbé sókè gan-an ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ bí ẹni tó dé ṣe ń yára sọ̀rọ̀ tó: bó bá jẹ́ aláwọ̀ ewé, ẹni tó ń yára ni, bó bá jẹ́ funfun, ẹni tó ń fara balẹ̀ ni.

Kọ̀ǹpútà á wá pàṣẹ fún pádì pé kó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, á fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀, nítorí ohun èlò tó tó 127 ló lè wà lórí ọ̀nà USB kan ṣoṣo, wọn kò sì gbọdọ̀ máa dáhùn fún ara wọn. Lẹ́yìn èyí ni yóò bi í ní orúkọ. Orúkọ tí pádì máa ń dá kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ sí i lára. Nọ́ńbà méjì ni: ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, àti ti irú ohun tó jẹ́. 045E ni ti Microsoft, 054C ni ti Sony. Lára pádì olówó pọ́ọ́kú, 0079 tó jẹ́ ti DragonRise tàbí 0810 ni èèyàn sábà máa ń bá pàdé, orúkọ tí yóò sì jáde lójú kọ̀ǹpútà ni Generic USB Joystick tàbí Twin USB Joystick. Ọ̀pọ̀ ló ti wá “Ucom” kiri nínú kọ̀ǹpútà títí, tí wọ́n sì ní pádì kò wọlé, nígbà tó jẹ́ pé ó ti jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tó ń jẹ́ gan-an.

Pádì á tún sọ ìdílé tó ti wá. Ìdílé kan náà ni ọ̀pọ̀ pádì pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù àti máòsì, ìyẹn HID, Windows sì ti ń gbé dráífà ìdílé yìí, ètò tó ń jẹ́ kó lè lò wọ́n, dání láti ìgbà Windows 98. Ìdí nìyí tí kò fi sí wàhálà bí sídíì tó wà nínú páálí pádì bá sọnù. Ohun tí púpọ̀ nínú sídíì wọ̀nyẹn ń ṣe kò ju kí pádì lè máa gbọ̀n lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá gbá lẹ́sẹ̀.

Ìbéèrè àti ìdáhùn yìí kò sí látilẹ̀. Nígbà tí IBM gbé kọ̀ǹpútà PC rẹ̀ jáde ní 1981, ihò onípíìnì 15 ni wọ́n ń ki ọ̀pá gèèmù bọ̀, kọ̀ǹpútà kò sì bi í léèrè ohunkóhun. Ó kàn ń wọn iná tó gba ibẹ̀ kọjá ni. Ọdún 1996 ni USB dé, pẹ̀lú àṣà pé kí ohun gbogbo tó bá fẹ́ wọlé máa dárúkọ ara rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí

Etí ni ẹ máa kọ́kọ́ lò. Ẹ yí ohùn kọ̀ǹpútà sókè, kí ẹ wá ki pádì bọ̀ ọ́. Windows máa ń dún nígbà tí nǹkan bá wọlé. Bí iná pádì kò bá tàn, tí kọ̀ǹpútà kò sì dún, iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: wáyà pupa tàbí dúdú ló já, tàbí ojú USB ni kò fúnni níná. Bí iná pádì bá tàn ṣùgbọ́n tí kọ̀ǹpútà dákẹ́ lọ lọ lọ, ọ̀rọ̀ ni kò dé, ẹ fojú sí wáyà funfun àti aláwọ̀ ewé. Bí kọ̀ǹpútà bá dún, tó wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò dá ohun èlò yìí mọ̀, òlòlò nìyẹn: ó gbọ́ ìkànlẹ̀kùn, ó bèèrè orúkọ, kò gbọ́ ìdáhùn tó já geere. Nínú Device Manager, ibi tí Windows ti ń to gbogbo ohun èlò rẹ̀, Unknown USB Device ni yóò pe irú èyí, pẹ̀lú Code 43. Àwọn èèyàn máa ń rò pé dráífà ni Code 43 ń wá, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá dráífà kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Dráífà kò tíì kan ọ̀rọ̀ níbẹ̀ rárá. Orúkọ ẹni ni wọ́n kò tíì gbọ́, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ yàrá tí wọn yóò fi í sí?

Bó bá wá dún dáadáa, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ joy.cpl sínú àpótí tó bá yọ, kí ẹ tẹ Enter. Àtẹ kékeré kan máa jáde tó ń to orúkọ gbogbo pádì tí kọ̀ǹpútà mọ̀. Ẹ tẹ Properties, ẹ yí ọ̀pá pádì, ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí àmì bá ń rìn lójú rẹ̀ tí iná pupa kéékèèké sì ń tàn, kọ̀ǹpútà ti mọ pádì yín tán, gèèmù ni kí ẹ bá wí. Àtẹ yìí wà nínú gbogbo Windows tí ẹ lè bá pàdé ní ilé gèèmù èyíkéyìí, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ń fi gèèmù jẹun gan-an kì í sábà mọ̀ ọ́n.

Ìdánwò kejì dára ju èyí lọ lójú mi, nítorí kò nílò kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ fóònù Android ti lè gba pádì oníUSB láti ọdún 2011. Ẹ ra OTG, wáyà kékeré tó ń jẹ́ kí fóònù gba ohun èlò USB. Ọwọ́ àwọn tó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá títì ló wà, kò sì wọ́n. Ẹ ki pádì bọ fóònù. Bí iná rẹ̀ bá tàn, tí àmì sì ń ti orí àwòrán kan bọ́ sí òmíràn lójú fóònù nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì ọ̀nà mẹ́rin, ara pádì le koko. Kọ̀ǹpútà ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bí fóònù méjì tó ń gba OTG kò bá dá a mọ̀, pádì tàbí wáyà rẹ̀ ni. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni èyí, ó sì ń gba èèyàn lọ́wọ́ ìdààmú ọjọ́ gígùn.

Wáyà

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ sí nìyí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ pádì ń ti bá ìṣòro pàdé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya wáyà tó ṣeé yọ sọ́tọ̀. Pádì PlayStation 4 àti ti Xbox One ń lo wáyà kan náà tí fóònù àtijọ́ ń lò. Ti PlayStation 5 ń lo Type-C. Nítorí náà, wáyà chájà tó bá ti wà nílẹ̀ ni èèyàn ń mú. Ọ̀pọ̀ wáyà chájà olówó kékeré tí wọ́n ń tà nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ lójú títì kò ní ju wáyà pupa àti dúdú lọ nínú. Ẹni tó ṣe é ti yọ funfun àti aláwọ̀ ewé kúrò kó lè ṣe é lówó pọ́ọ́kú. Ó ń gba iná kọjá, kò lè gba ọ̀rọ̀ kọjá. Pádì á tàn, bátìrì rẹ̀ á máa kún, kọ̀ǹpútà kò sì ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ẹ fi wáyà náà so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà. Bí fóònù bá ń gba iná nìkan tí kò bi yín bóyá ẹ fẹ́ gbé fáìlì, ẹ má fi wáyà yẹn wá pádì mọ́ láé.

Wáyà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pádì, irú ti Ucom, àìsàn tirẹ̀ yàtọ̀. Ọrùn ló máa ń dùn ún: ibi tó ti wọ inú pádì, àti ibi tó ti jáde lára orí USB. Bí wọ́n bá ti gbá bọ́ọ̀lù tán, wọ́n á wé wáyà mọ́ pádì gírígírí, wọ́n á sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀; bí gèèmù bá sì gbóná, ẹni tó ń gbá á á máa fà á bí ẹni ń fa ewúrẹ́. Awọ òde kì í já. Bàbà inú ló ń já, fọ́nrán kan lẹ́yìn òmíràn, títí yóò fi ku ẹyọ kan tó ń kanra tí kò kanra. Ẹ ki í bọ̀ ọ́, ẹ rọra tẹ ọrùn rẹ̀ sọ́tùn-ún, sósì, sókè. Bí kọ̀ǹpútà bá dún nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí apá kan, ẹ ti rí i.

Ẹ mú abẹ, ẹ la awọ dúdú náà ní òòró, ẹ má gé e ní ìbú. Ẹ ó rí bébà fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú àwọn kan, lábẹ́ rẹ̀ ni wáyà mẹ́rin wà, ìkọ̀ọ̀kan kò tóbi ju ẹyọ ìgbálẹ̀ lọ. Gbogbo wọn á jọ pé wọ́n pé. Ẹ fi ìka méjì mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ rọra fà wọ́n. Èyí tí bàbà inú rẹ̀ ṣì wà ní odindi kò ní mì. Èyí tó já nínú á na bíi rọ́bà, nítorí awọ rẹ̀ nìkan ló kù. Mo ti rí i tí aláwọ̀ ewé nìkan já báyìí, tí pádì sì ń tàn bó ti ṣe ń tàn ní ọjọ́ tí wọ́n rà á; ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí iná tó ń tàn tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Ẹ gé wáyà náà kọjá ibi tó já, ẹ bó orí rẹ̀, ẹ so àwọ̀ mọ́ àwọ̀, kí atúnfóònùṣe fi sódà jó wọn pọ̀, kí ẹ wá fi téèpù wé ìkọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kí ẹ tó wé gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Ìkìlọ̀ kan wà níbí tí kò ṣeé fojú fò. Nínú wáyà olówó pọ́ọ́kú, àwọ̀ lè parọ́. Ẹ fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná tẹ̀ lé wọn láti orí USB dé bọ́ọ̀dù pádì. Bí ẹ bá di orí USB mú kí bàbà rẹ̀ kọjú sí yín, kí ẹnu tó ń wọlé dojú kọ òkè, píìnì mẹ́rin náà tò ní ìlà kan: iná wà ní ìpẹ̀kun kan, ìpadàbọ̀ iná wà ní ìpẹ̀kun kejì, ọ̀rọ̀ méjèèjì wà láàrin. Àwọn méjì tó wà ní ìpẹ̀kun ló gùn díẹ̀ ju ti àárín lọ, kí iná lè dé kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Bí funfun àti aláwọ̀ ewé bá gba ipò ara wọn, pádì kàn máa kólòlò ni, ẹ lè tún un ṣe. Bí pupa àti dúdú bá gba ipò ara wọn, ẹ ti pa á. Kí ẹ tó ki í bọ kọ̀ǹpútà, kí mítà jẹ́rìí pé pupa kò kan dúdú níbì kankan.

Òógùn, òróró, ọ̀rinrin

Ní Aṣéjìrè, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀ṣun kí ará Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ lò, afẹ́fẹ́ kì í gbẹ tán bọ̀rọ̀. Ọ̀rinrin nìkan kì í sì í ṣe ọ̀tá ńlá fún bàbà bí kò bá rí iyọ̀ bá rìn. Òógùn ọwọ́ ló ní iyọ̀. Nígbà tí iná bá lọ tí fáànù dúró, tí gèèmù ṣì ń lọ lórí jẹnẹrétọ̀, òógùn á máa ṣàn wọ inú pádì láti ibi ọ̀pá rẹ̀. Bí oṣù bá ń gorí oṣù, ìpẹtà aláwọ̀ ewé á bo píìnì, iná àti ọ̀rọ̀ á máa rọra gbà á kọjá títí tí wọn kò fi ní gbà á kọjá mọ́.

Ìkirè sì ní tirẹ̀. Dòdò Ìkirè, epo pupa ni wọ́n fi ń dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ dẹ̀dẹ̀ náà, ó sì dára lẹ́nu gan-an. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó bá mú un tó sì mú orí USB á fi epo sílẹ̀ níbẹ̀, eruku á wá lẹ̀ mọ́ epo. Ẹ jẹ́ kí omi àti ọṣẹ wà lẹ́nu ọ̀nà ilé gèèmù.

Ẹ má fẹ́ ẹnu sí ojú USB. Itọ́ ni ẹ ń fi ránṣẹ́ sínú rẹ̀. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí iná, ẹ ki búrọ́ọ̀ṣì eyín tó ti gbó bọ spírítì díẹ̀, ẹ fi gbo orí USB pádì, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Bẹntíróòlù kò dára fún un, ó ń jẹ rọ́bà. Nínú ojú USB ti kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ẹ fi ìmọ́lẹ̀ wò ó: ahọ́n pẹlẹbẹ kan wà láàrin tó gbé àwọn píìnì. Bí ahọ́n náà bá ti ṣẹ́ tàbí tó ti tẹ̀, ẹ kúrò nídìí ojú yẹn, ẹ lo òmíràn.

Nígbà tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ní ẹ̀bi

Ojú USB kan nínú kọ̀ǹpútà tó ń lo USB 2.0 kò lè fúnni ju mílíámpù 500 lọ. Onílé gèèmù tó bá fi họ́ọ̀bù kékeré kan pín ojú kan sí mẹ́rin, tó sì ki pádì mẹ́rin tó ń gbọ̀n bọ̀ ọ́, ń pín oúnjẹ ẹnìkan fún àwọn tó pọ̀. Ìkọ̀ọ̀kan wọn ní ẹ̀tọ́ sí mílíámpù 100 péré nínú irú họ́ọ̀bù tí kò ní iná tirẹ̀. Bí ẹnìkan bá gba gọ́ọ̀lù, tí mọ́tò inú pádì gbọ̀n, iná á rẹlẹ̀, pádì kejì á sì já kúrò. Họ́ọ̀bù tó ní chájà tirẹ̀ ni kí wọ́n rà. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni, ẹ gbìyànjú ojú USB tó wà lẹ́yìn rẹ̀: àwọn ti ẹ̀yìn wà lára bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, àwọn ti iwájú ń gba inú wáyà kan tó lè tú nígbà tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà.

Ọ̀rọ̀ pípa àti títàn wá ńkọ́? Láti ìgbà tí Windows 8 ti dé ní 2012, Shut down kì í sábà pa Windows tán. Ó ń kó ọpọlọ rẹ̀ pamọ́ sínú díìsìkì kó lè tètè jí lọ́la, ìdàrúdàpọ̀ tó bá wà nínú rẹ̀ á sì bá a jí. Restart ló ń mú un bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bí ojú USB bá ṣì dákẹ́ lẹ́yìn Restart, bóyá lẹ́yìn ìgbà tí iná gbé wá gìrì tàbí tí jẹnẹrétọ̀ wúkọ́, ẹ pa kọ̀ǹpútà pátápátá, ẹ yọ chájà, ẹ yọ bátìrì bó bá ṣeé yọ, ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtannáa rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Iná díẹ̀ tó sá pamọ́ sínú bọ́ọ̀dù á tán, ojú USB á sì gbàgbé ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Pádì tó máa ń wọlé, tó sì máa ń kúrò fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ díẹ̀, oorun ni Windows ń fi ojú USB rẹ̀ sùn kí bátìrì lè pẹ́. Nínú Device Manager, ẹ wá USB Root Hub, ẹ ṣí Power Management, ẹ yọ àmì tó ń fún Windows láyè láti pa á. Níbẹ̀ náà, bí ẹ bá tẹ View, tí ẹ sì mú Show hidden devices, ẹ ó rí orúkọ àwọn pádì àtijọ́ tó ti lọ. Ẹ pa orúkọ pádì yín rẹ́ pẹ̀lú Uninstall, ẹ yọ ọ́, ẹ tún kì í bọ̀ ọ́, kí Windows lè kí i bí àlejò tuntun.

Ó wọlé, gèèmù kò rí i

Èdè méjì ni pádì ń sọ fún gèèmù lórí Windows. DirectInput ni ti àtijọ́, láti 1995. XInput bá Xbox 360 dé ní 2005, kò sì mọ̀ ju pádì mẹ́rin lọ. Púpọ̀ nínú gèèmù tuntun kò gbọ́ DirectInput mọ́, Ucom kò sì gbọ́ èdè mìíràn. Ìdí rèé tí pádì kan náà fi ń ṣiṣẹ́ nínú PES 2013 tó sì di òkúta nínú gèèmù tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn pádì kan ní bọ́tìnnì ìyípadà lẹ́yìn, tí wọ́n kọ X àti D sí. Ẹ tì í sí X. Àwọn mìíràn, bọ́tìnnì àárín ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ títí iná yóò fi yí padà. Bí kò bá ní ọ̀kankan, x360ce, ètò ọ̀fẹ́ kan, lè ṣe ògbufọ̀ láàrin wọn. Nínú PES 2013 fúnra rẹ̀, ẹ ṣí settings tó wà nínú fódà gèèmù náà, ẹ yan pádì, ẹ sì tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ sí ipò tí ẹ fẹ́. Kí ẹ sì máa ki pádì bọ̀ ọ́ kí ẹ tó ṣí gèèmù, nítorí ọ̀pọ̀ gèèmù àtijọ́ kì í wo ẹnu ọ̀nà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nígbà tí wọ́n bá ń jí. Bí Steam, ètò tí wọ́n fi ń ra gèèmù, bá wà lórí kọ̀ǹpútà náà, ẹ pa á wò. Ó máa ń gba pádì mú fún ara rẹ̀.

Ti aláìníwáyà

Pádì PlayStation 4 kì í rántí ju ilé kan lọ. Ẹni tó bá gbé tirẹ̀ kúrò nídìí làptọ́ọ̀pù, tó fi lọ gbá bọ́ọ̀lù lórí PlayStation ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Àpòmù, tí wọ́n sì fi wáyà so ó mọ́ ọn níbẹ̀, yóò padà dé bá kọ̀ǹpútà tó ń pè é tí kò dáhùn. Kò bàjẹ́. Ẹ pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú Bluetooth kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ Share àti PS mọ́lẹ̀ pọ̀ títí iná rẹ̀ yóò fi máa ṣẹ́jú wàràwàrà, kí ẹ wá wá a lọ́tun. Ti PlayStation 5, Create àti PS ni. Bó bá ṣe agídí, ihò kékeré kan wà lẹ́yìn ti PlayStation 4, nítòsí L2; ẹ fi abẹ́rẹ́ tẹ inú rẹ̀ díẹ̀, á gbàgbé ilé tó mọ̀.

Pádì Xbox One tó kọ́kọ́ jáde ní 2013 kò ní Bluetooth rárá, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè wá a rí nínú Bluetooth kọ̀ǹpútà. Ẹ wo àyíká bọ́tìnnì Xbox tó wà lókè: bí ibẹ̀ bá jẹ́ ike dídán tó yàtọ̀ sí ti iwájú pádì, ti àtijọ́ ni, wáyà ni kí ẹ lò fún un. Bí iwájú àti àyíká bọ́tìnnì náà bá jẹ́ ẹyọ kan náà, Bluetooth wà níbẹ̀.

Èyí tó kú lóòótọ́

Bí mítà bá fi hàn pé fóltì 5 dé orí bọ́ọ̀dù pádì, tí wáyà ọ̀rọ̀ méjèèjì sì pé láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, tí kọ̀ǹpútà méjì àti fóònù kò sì gbọ́ ìkànlẹ̀kùn rẹ̀, IC rẹ̀, ọpọlọ inú pádì, ló jó. Nínú pádì olówó pọ́ọ́kú, abẹ́ ẹ̀kán òdà dúdú kan ni IC náà wà lórí bọ́ọ̀dù, kò ṣeé pààrọ̀. Ẹ má sọ ọ́ nù síbẹ̀. Ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì lè wọ pádì mìíràn tí ọ̀pá tirẹ̀ ń fa bọ́ọ̀lù lọ sí apá kan láìjẹ́ pé wọ́n fọwọ́ kàn án. Rọ́bà abẹ́ bọ́tìnnì lè gba ipò èyí tó ti gbó, mọ́tò méjèèjì sì ṣeé lò. Wáyà rẹ̀ gan-an, tí mítà ti jẹ́rìí pé ó pé, ni pádì tó kàn nínú páálí yẹn lè máa dúró dè. Ẹ ya fọ́tò bọ́ọ̀dù náà kí ẹ tó tú u, kí ẹ sì kọ ohun tó ṣì dára lára rẹ̀ sí bébà kékeré kan, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.